Àmì Àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Rẹ

Ilé Ọ̀ṣẹ́nì Télọ̀,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Ìjerò-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1985.

Amudalat, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú òtútù ìlú òyìnbó. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ò ń jẹun sí àsìkò, pé o kò sì tíì fi ìwé kíkà dípò oúnjẹ bí o ti máa ń ṣe ní kékeré. Bí o bá béèrè èmi, mo wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ojú mi ò fẹ́ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, Olúṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé télọ̀ tí ò rí abẹ́rẹ́ ti di oníwàásù. Ìyàwó rẹ̀, Christiana, ti bímọ, obìnrin ni. Màá dé orí ìyẹn.

Jókòó kí o tó máa kà á lọ. Bí ẹnì kan bá wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ, jẹ́ kó dúró tì ọ́. Amudalat, ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, bí a ṣe ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, ló dákẹ́ nínú yàrá rẹ̀. A sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ti wí, a sì ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú yóò bí ọ sí mi, pé ó ti lé ní oṣù méjì kí n tó sọ fún ọ. Olúṣẹ́gun fẹ́ lọ tẹ wáyà sí ọ, èmi ni mo ní kó má lọ. Wáyà ò lè gba ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ ìbá kàn gbọ́ pé ìyá rẹ kú, ìwọ ìbá wá máa bi ara rẹ pé kí ló pa á, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá ọ lóhùn níbẹ̀. Jẹjẹrẹ awọ ara ló pa á, èyí tó dúdú, irú èyí gan-an tí ò ń tọ́ nínú ìgò níbi iṣẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ, kí n sì sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ṣe nínú rẹ̀.

O mọ ìtàn àmì tó wà ní gìgísẹ̀ òsì ìyá rẹ, nítorí ìtàn náà lẹ fi dàgbà. Ìyá Ara, ìyá tó bí ìyá rẹ, bí ọmọ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ní ìlú Ara, gbogbo wọn ló kú ní jòjòló. Wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, pé àbíkú ni. Nígbà tí ẹ̀kẹta kú, kí wọ́n tó gbé e sin, Ìyá Ara fúnra rẹ̀ mú ẹyín iná, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gìgísẹ̀ òsì òkú náà, kó lè dá a mọ̀ bó bá tún yà wá, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run sì lè kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bí ìyá rẹ, Ìyá Ara yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àmì iná náà rèé, dúdú. Ìyá rẹ sì dúró. Gbogbo Ara ló gbà pé àmì yẹn ló dá a dúró.

Èmi tí mo fẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mi ò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò rí. Ta ló ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wò? Ohun tí ìyá bá sọ nípa ọmọ tó bí, ọkọ a máa gbà á ni.

Nínú òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń rán aṣọ ilé-ìwé, ìyá rẹ ní maṣíìnì òun ń ta òun lẹ́sẹ̀. Mo ní maṣíìnì kì í ta èèyàn, ọ̀lẹ ló máa ń ta èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wa maṣíìnì lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń wà á, mo sì rí i pé ó ń tiro nígbà tó dìde. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ náà lé orí àpótí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, etí rẹ̀ sì rí jákujàku bí aṣọ tí sísọ́ọ̀sì tó kú gé. Mo ní, “Àmì iná rẹ rèé?” Ó ní, “Òun náà ni, àbí kí ló tún kù?”

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí wa. Dókítà ibẹ̀ kò dàgbà ju Olúṣẹ́gun lọ. Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́, ó bi í pé, “Ìgbà wo lẹ ti rí èyí?” Amudalat, ìyá rẹ kọ́ ló dáhùn. Èmi tí mi ò wo ẹsẹ̀ náà rí títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, “Wọ́n bí i mọ́ ọn ni.” Mo rí bí ojú dókítà náà ti rọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá bí mọ́ èèyàn kì í sábàá burú, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń dùn ún, ká padà wá lọ́jọ́bọ̀ kí òun gé e kúrò, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ara gbọ́, ó sì wọ mọ́tò wá láti Ara ní ọjọ́rú. Kò tíì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. “Àmì ulé ni, òun ló so ó mọ́ ilé! Èmi mo fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó má baà lọ mọ́. Ẹ fẹ́ gé e dànù? Bí ẹ bá gé e, kí ni yóò dá a dúró lọ́dọ̀ wa?” Ìyá rẹ wò mí, ó fi ṣe ẹ̀rín, ó ní, “Mo ti bí ọmọ méjì, mo ti fẹ́ di ìyá àgbà, wọ́n ṣì ń pè mí ní àbíkú nínú ilé yìí.” Ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n, kì í kọjá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́bọ̀ dé, a kò lọ.

Inú oṣù yẹn náà ni lẹ́tà rẹ dé, èyí tí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wa. Mo ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. O ní wọ́n mú ẹ̀yà ara tí ojú lásán ò lè rí láti ara obìnrin kan tí jẹjẹrẹ awọ ara pa. O ní obìnrin náà ti kú láti bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mú lára rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i nínú ìgò, ẹ ń fún un lóúnjẹ, ẹ ń pààrọ̀ omi rẹ̀. O ní bí ẹ bá ro oògùn kan tó jẹ́ ẹbí fítámì A sí i, kì í yára pọ̀ mọ́, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ á sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ohun tó ti dàgbà. O ní ẹ ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bí asẹ́, pé èyí tí kò mu oògùn ń lu awọ náà já bọ́ sí òdì kejì, àti pé èyí tó mu ún kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà kọjá.

Mo ń kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ jókòó níwájú mi, Ìyá Ara wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú àwọn méjèèjì ń dùn bí ẹni gba àlejò láti Mẹ́kà. Mo wá dé orí ìlà tó tẹ̀ lé e. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Nínú ìgò ni o, Bàbá. Nínú àwọn ìgò mìíràn oògùn náà ò ṣe nǹkan kan, a kò sì tíì mọ ohun tí yóò ṣe nínú èèyàn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lára, kó tètè jẹ́ kí wọ́n gé e.” Mo rí ìlà yẹn kedere. Mo fò ó. Mo lọ sí ibi tí o ti ń kí gbogbo wa, mo ka ìyẹn fún wọn tìdùnnú-tìdùnnú. Bí mo ti ń kọ èyí ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Wàhálà abẹ ti sú mi, mo fẹ́ kí ilé rọ̀, ìwọ sì ti fún mi ní ohun tí mo lè fi rọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́tà rẹ di òfin nínú ilé. Mo tọ Joseph oníkẹ́míìsì lọ, mo ní kó fún mi ní fítámì A. Ó fún mi ní kápúsù pupa rúsúrúsú kan, ó tún ní ó pọ̀ nínú epo pupa àti nínú ẹ̀dọ̀ màlúù. Ìyá Ara ní, “Ẹ ò rí i? Epo tiwa náà ni òyìnbó ń wá kiri.” Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ ń gbé kápúsù mì. A ń fi epo ra gìgísẹ̀ rẹ̀, a ń fi aṣọ dì í. Mo ní kí n kọ̀wé sí ọ nípa ẹsẹ̀ náà, ó ní, “Ẹ má dán an wò. Ìdánwò ọmọ náà ti dé tán. Ìgbà tó bá jiná ni ká sọ fún un.”

Nígbà tó di oṣù kẹta tó ti ń lo kápúsù, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, orí ń fọ́ ọ ṣáá, irun rẹ̀ ń já sínú ìlarun, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bó. Àwa ní àmì náà ló fẹ́ máa bó lọ. Joseph ló rí i lójú ọ̀nà, tó sáré wá bá mi pé, “Bàbá, ẹ dá a dúró, mi ò mọ̀ pé ẹ ń lò ó tó báyìí!” A dá kápúsù dúró, ṣùgbọ́n a ò dá epo dúró. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ti di bọ́tìnnì kóòtù nígbà náà, ó ti ga, ó sì ń ṣe omi.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, ìyá rẹ mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí ibi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Mi ò bi Ìyá Ara mọ́, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n màmá náà bá wa wọ mọ́tò. Obìnrin ni dókítà tó gbà wá níbẹ̀, Abíọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó béèrè ohun tí ti àkọ́kọ́ béèrè, pé ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀. Ìyá Ara ní, “Láti inú mi.” Dókítà yí sí ìyá rẹ, ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá?” Ìyá rẹ ní, “Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn.”

Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà náà ní ó ti lu awọ já, ó ti wọnú, ó ti rìn. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un, mo ní ọmọ mi wà ní Ìlú Ọba tó ń fi fítámì A dá a dúró. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní iṣẹ́ gidi ni ọmọ mi ń ṣe, pé ẹbí ni epo tí à ń jẹ àti oògùn inú ìgò yẹn, ṣùgbọ́n ẹbí kì í ṣe ẹnì kan náà. Ó ní kápúsù tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Mo bi í pé bí a bá ti wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́, nígbà tó ṣì tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

Mi ò ní kọ bí àwọn oṣù tó kù ti rí. Ó rù, ó gbọ́n sí i, ó ń bá gbogbo èèyàn ṣàwàdà. Orúkọ rẹ wà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní kí n má pè ọ́ wálé.

Nísinsìnyí, bí mo bá kírun àsárì ìrọ̀lẹ́ tán, tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbọ́ maṣíìnì rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe máa ń wà á ní oṣù tó gbẹ̀yìn tó fi jókòó síbẹ̀, ìgbésẹ̀ kan á yá, ìkejì á falẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kan ló ń lò. Olúṣẹ́gun ní kò sí ohun tó ń dún. Mo ti bọ́ okùn maṣíìnì náà kúrò, mo sì ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Obìnrin inú ìgò rẹ náà ò jẹ́ kí n sinmi. Mo máa ń rò ó pé ǹjẹ́ ó bímọ? Ǹjẹ́ àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ohun kan lára ìyá wọn ṣì ń jẹun, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín? Àbíkú tí a ń bẹ̀rù, kíkú ló máa ń kú ṣáá. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ, kò mọ ikú, ó kàn ń pọ̀ sí i ni títí tó fi pa onílé. A jókòó ti èyí tí kò kú, à ń ṣọ́ èyí tó ń kú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní ọjọ́ kejì àdúrà ogójì, Ìyá Ara ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ó pè mí, ó ní kí n jókòó. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Lásúnkànmí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Mo ní níbo? Ó ní, “Ní gìgísẹ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bí i. Mo yí ẹsẹ̀ méjèèjì wò, wọ́n mọ́ tónítóní. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí àmì ò bá sí, a jẹ́ pé ẹlòmíràn lèyí, a jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ṣì ń bọ̀ wá pa wá lẹ́kún. Mo ní ó wà níbẹ̀. Kò wọlé wá wò ó.” Mo bi í pé ìgbà tí nǹkan náà wá yọ lóòótọ́ ńkọ́, tó fi sáré wá láti Ara. Ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, “Inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run ti sọ irọ́ mi di òótọ́.”

Mo dìde níbẹ̀, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ bínú sí i kí ìbínú náà tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà rẹ ni mo máa ń rí, àti ìlà yẹn.

Ìjẹta ni a sọ ọmọ Christiana lórúkọ. Yétúndé la pè é. Ilé kún, gbogbo obìnrin Ara tó lè wọ mọ́tò ló wá. Ìyá Ara gba ọmọ náà, ó tú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrò nínú aṣọ, gbogbo wọn sì na ọrùn. Ẹnì kan ní, “Ṣé ó wà níbẹ̀, Màmá?” Màmá wo gìgísẹ̀ náà, ó gbójú sókè, ó rí mi. Omi kún ojú rẹ̀. Ó ní, “Ó wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti dé.” Àwọn obìnrin hó yèè, Christiana náà ń rẹ́rìn-ín, kò kúkú mọ nǹkan kan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti ìyá ìyàwó mi lójú àwọn ará ìlú rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, dókítà kan yóò bi ọmọ yìí léèrè lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo gba ọmọ náà, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí ohun dúdú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n gé e.” Ààfáà húkọ́. Ìyá Ara wọ mọ́tò padà sí Ara kí wọ́n tó pín ìrẹsì, kò kí mi, títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí kò sì tíì ránṣẹ́.

Amudalat, má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Lẹ́tà rẹ kọ́ ló pa ìyá rẹ, òótọ́ lo kọ, èmi ni mo kà á bó ṣe wù mí. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Nígbà mìíràn tí o bá ń kọ̀wé sílé nípa oògùn, ohun tí oògùn náà ò lè ṣe ni kí o kọ́kọ́ kọ sókè, nítorí irú èmi ló ń ka lẹ́tà fún àwọn tí kò lè kà.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú ní ilẹ̀ àjèjì. Kí ó fi ìdẹ̀ra fún ìyá rẹ ní sàréè. Ìmọ̀ tí o lọ wá kò ní di ìbànújẹ́ fún ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò tó èèyàn lára, kò ní mọ sínú ìgò. A ó ríra wa láyọ̀. Sunkún bó bá ṣe tó, ṣùgbọ́n jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Lásúnkànmí Ọ̀ṣẹ́nì.

Mo gbàgbé: Irọ́ ni, mi ò gbàgbé, ẹ̀rù ló bà mí láti kọ ọ́ sínú lẹ́tà gan-an. Bọ́ bàtà rẹ, kí o yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wò nínú ìmọ́lẹ̀. Bí o bá rí ohun kan níbẹ̀, tí dókítà bá sì bi ọ́ pé ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀, má sọ ohunkóhun tí a sọ fún ọ nílé. Sọ pé o kò mọ̀.